Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ Ẹ̀yìn Ọjà Ouando: Mo Fún Un Ní 15 Lórí 20

Bí ọmọ yín bá wà ní CM1 tàbí CM2, ìyẹn kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹfà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì lè dá ìwé kà, tí ẹ sì ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ mú un lọ sí àgbàlá kan lẹ́yìn ọjà Ouando, níbi tí bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìyókù àlàyé ni, àti ẹjọ́ díẹ̀ tí mo ní láti rò, nítorí n kì í yin nǹkan kí n má sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Aránṣọ ni mí. Láti oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kẹwàá, kàkí ilé ìwé ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń rán kàkí ní ìlú yìí, àṣírí ilé wo ló kù tí kò mọ̀ ní àdúgbò rẹ̀? Mo mọ ìyá tó máa ka owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì máa ní kí n rán méjì-méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ èyí tó máa ní kí n jẹ́ kí ṣòkòtò gùn kọjá ẹsẹ̀, kí n ká a sókè, kí n fi òwú tó rọrùn tú mú un, kí ọmọ lè máa wọ̀ ọ́ lọ títí tí àbúrò rẹ̀ yóò fi gbà á. Mo mọ èyí tó máa gbé kàkí àlòkù wá pé kí n tú u palẹ̀, kí n yí inú rẹ̀ síta, nítorí oòrùn ti jẹ ìta rẹ̀. Iṣẹ́ tó le jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Mo máa ń ṣe é.

Àwọn oníbàárà mi tó rí já jẹ máa ń sọ pé ilé ìwé ti di ọ̀fẹ́, kí ni tálákà tún ń sunkún sí? Lóòótọ́ ni. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990 sọ ọ́ ní abala 13 pé dandan ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba yóò máa sọ ẹ̀kọ́ ilé ìwé rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ yẹn pẹ́ lọ́nà. Ọdún 2006 ni wọ́n tó mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. Ọmọ iṣẹ́ ni mo ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà náà, kàkí tí a rán lọ́dún yẹn kò jẹ́ ká rí oorun sùn. Ọmọ tó ti ń kiri ọṣẹ, ọmọ tó ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ ná ọjà Adjarra, gbogbo wọn dé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yẹn kò ra kàkí, kò ra ìwé ìkọ̀wé, kò fi owó oúnjẹ àárọ̀ sọ́wọ́ ọmọ. Bí kíláàsì bá sì kún fọ́fọ́, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lè máa bá wọn bọ̀ láti CI, kíláàsì àkọ́kọ́, dé CM2 kí olùkọ́ má gbọ́ ohùn tirẹ̀ nìkan rí.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àbúrò mi. Láti abúlé kan lọ́nà Sakété ni wọ́n ti mú un wá bá mi nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, CM1 ló wà. Kì í pa ilé ìwé jẹ lábúlé, mo sì mọ ìdí rẹ̀: wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán fún wọn níbẹ̀, nínú ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tí wọ́n sì fi lé PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, lọ́wọ́. Oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án, ta ni yóò sá fún un? Ìwé èsì rẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá ṣí ìwé kíkà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò kà á wàràwàrà láì dánu dúró. Èmi náà ò kà ju CM2 lọ, Faransé mi kò jìn, ó sì dùn mọ́ mi létí.

Répétition, ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Èyí tó sún mọ́ ilé wa jù ń gba 5,000 sẹ́fà lóṣù, ibẹ̀ lọmọ kọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò kọ ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá sójú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ. Lọ́jọ́ kejì ọmọ gba 10 lórí 10, inú ìyá dùn, owó oṣù wọlé. N kò ní dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yín ń dára lójoojúmọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan, ẹ tètè béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bàbá ti ẹ̀yìn ọjà kò béèrè kíláàsì lọ́wọ́ wa. Mo ti ń fa ìwé èsì yọ nínú báàgì, ó ní, "Ìyá wa, ẹ fi pa mọ́ ná." Ó fún ọmọ ní ìwé kan, ọmọ kà á bó ṣe máa ń kà á. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó káre. Ó wá mú síléètì, ó kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin láti ojú ewé kan náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ewé ló ti mú wọn, ó ń lọ sókè. Ọmọ wo síléètì. Ó wò mí. Ó ní "bateau" fún ọ̀rọ̀ tí kò sí b kankan nínú rẹ̀. Orí ló fi há gbogbo ìwé yẹn, láti ẹnu àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ìyókù ń pòórá mọ́ ọn lójú.

Bàbá kò bú u. Èmi ló kọjú sí. Ó ní ọmọ tó lè há odidi ìwé sórí ní èdè tí kò gbọ́, ṣé ìwé kíkà ni yóò wá ṣòro fún?

Bó ṣe pín wọn nìyí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni, igi ló sì fi sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀pẹ ni àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà tán. Àgbọn mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n wọn ò lè so wọ́n pọ̀. Orógbó ń ka ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn kékeré. Ìrókò lè ka ìtàn kan, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n kà fún ọ. Ọmọ CM2 lè wà ní Ọ̀pẹ, ọmọ CE1, kíláàsì kẹta, sì lè wà ní Ìrókò. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ọmọ ṣíńṣín kan tó ń ṣe fọ́ńté bíi ọ̀gá àgbà. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ kíláàsì nínú àgbàlá náà. Ọmọ tiwa bọ́ sí Ọ̀pẹ, òun ló ga jù láàárín wọn, ó sì sunkún dé ilé. Mo ní bó bá ti sunkún tán kó wá bá mi ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀.

Mo bi bàbá bóyá òun ló hùmọ̀ ọ̀nà yìí. Ó ní rárá o, India ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai lọ́dún 1995 nítorí àwọn ọmọ àdúgbò tálákà. Wọ́n rí i pé ọmọ wà nílé ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, nítorí olùkọ́ ní ìwé ẹ̀kọ́ ọdún tó gbọ́dọ̀ kọ́ parí, kò ráyè dúró de ẹni tó ti já sẹ́yìn. Wọ́n wá mú ìwé pélébé kan, wọ́n ń fi dán ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọn ò wo ọjọ́ orí, wọn ò wo kíláàsì. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fi àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ báyìí wé àwọn tí wọn kò kọ́ báyìí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi púpọ̀. Méjì nínú wọn, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Michael Kremer ní 2019 nítorí irú ìwádìí yìí lórí ìṣẹ́ àti òṣì. Ọ̀nà náà ti dé Zambia, ó ti dé Côte d'Ivoire. Bàbá ní òun kà nípa rẹ̀ lórí fóònù lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìn tì, tí òun wá ráyè ronú sí àwọn ọmọ tí òun fi sẹ́yìn nígbà tí òun ń sáré parí ìwé ẹ̀kọ́. Ẹni tó lè sọ pé ọgbọ́n ẹlòmíràn ni òun ń lò, mo fọkàn tán an. Àwọn aránṣọ tí mo mọ̀, bí wọ́n bá wo àrà lára aṣọ ẹlòmíràn tán, wọ́n á ní ojú àlá ni àwọn ti rí i.

Mo ti jókòó síbẹ̀ rí, aṣọ tí mo ń fi ọwọ́ rán létí wà lórí itan mi, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo ń sọ. Aago márùn-ún àbọ̀ ni àwọn ọmọ ń dé. Wọn kì í wọ kàkí wá. Bàbá kò gbà. Ó ní kí wọ́n bọ́ ọ sílé kí wọ́n fọ̀ ọ́, kó lè gbẹ di ọ̀la. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyọ kan péré lọmọ ní ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á kọ "ou" sójú pátákó, á gbé ohùn rẹ̀ jáde, á ní kí wọ́n wá ohùn yẹn nínú èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ọmọ kan á ní "iṣu", òmíràn á ní "ìlú", àwọn ọmọ Ègùn á wá tiwọn. Ó dé orí "on", gbogbo wọn pariwo "ìbọn!" lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá. Ohùn wọ̀nyẹn ti wà lẹ́nu wọn látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló kù kí wọ́n mọ̀. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá sọ èdè ilé nílé ìwé, wọ́n á gbé ohun ìdójútì kan tí wọ́n ń pè ní signal kọ́ ọ lọ́rùn, á máa rù ú kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá kó tó bọ́ ọ fún un. Ìdajì ohun tí mo kọ́ ní ilé ìwé ni bí a ṣe ń dákẹ́. Níbí, ọmọ lè fi Yorùbá béèrè ìbéèrè, bàbá á fi Yorùbá dá a lóhùn, á fi Ègùn tún un sọ, lẹ́yìn náà á wá sọ ọ́ ní Faransé, kí wọ́n lè rí ohun tí Faransé yẹn ń sọ.

Ìṣirò ló tẹ̀ lé e, ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun kan yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Ó ní, "Wọ́n rán ọ ní gàrí 350, o mú 1,000 lọ, èló ni kí wọ́n dá pa dà fún ọ?" Kó tó pa ẹnu dé, àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn tajà ti dáhùn, 650, láì ka ìka. Ó wá kọ ọ́ sójú pátákó, 1000 lókè, 350 nísàlẹ̀, ìlà kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan náà dákẹ́. Wọ́n ń wo òdo mẹ́ta yẹn bí ẹni tó pàdé àjèjì ní òru. Bàbá tún mú ìdérí ìgò, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n pé ọ̀rọ̀ gàrí yẹn náà ni. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù fún mi, mo ti rán etí aṣọ kan tán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò jọ ẹni tó ń sú.

Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Ìrókò á gbé ìwé, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á ka ìtàn fún Ọ̀pẹ kan. Ọmọbìnrin kan tó ń múra BAC, ìdánwò àṣejáde girama, máa ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ bá gbà á láyè. Bí iná bá lọ, àtùpà tó ń gba agbára oòrùn wà, mẹ́ta, wọ́n gbé wọn kọ́ ara igi máńgòrò. Ní aago méje wọ́n ti parí.

Owó oṣù jẹ́ 1,500 sẹ́fà. Ìyá tí kò bá ní in lè gbálẹ̀ àgbàlá, ẹlòmíràn ń pọn omi mímu wá fún àwọn ọmọ. Ìwé gbèsè kò sí, n ò sì rí ọmọ tí wọ́n dá pa dà nítorí owó.

Ó wá ku ẹjọ́ mi. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí wọ́n bá ti da àgbàdo sí i, Ọ̀pẹ ò ní gbọ́ lẹ́tà kankan mọ́. Mo yọ máàkì kan. Ìwé kò tó, gbogbo rẹ̀ ti gbó, kò sì sí èyí tí ọmọ lè mú relé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé í kà nílò ohun tí yóò máa kà láàárọ̀ pẹ̀lú. Mo yọ kan sí i. Bẹ́ǹṣì náà kò tó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ba ẹ̀kọ́ jẹ́, ẹní wà.

Máàkì mẹ́ta tó kù, aago ló gbé e lọ. Aago márùn-ún àbọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo gan-an ni ọjà ń yá jù ní Ouando? Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń darí relé, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ra tòmátì, ata, omi inú ọ̀rá, ẹ̀kọ, àkàrà. Àwọn tó sì ń kiri nǹkan wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ wọn wà nínú àgbàlá yẹn, pàápàá àwọn ọmọ àgbàtọ́, tí wọ́n mú wá láti abúlé bíi ti ọmọ tiwa, àwọn tí Fọ̀n àti Ègùn ń pè ní vidomègon. Ọmọ tí onílé bí ń lọ répétition, àgbàtọ́ ń ta ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń san owó répétition. Ẹ má bínú, mo ti sọ ọ́. Òfin ọmọdé ti ọdún 2015 wà, ó ka ẹ̀kọ́ sí ẹ̀tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kì í ná ọjà ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àdúgbò wa nítorí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa bá tèmi lọ."

Ó ní, "Àbúrò, ta ni yóò wá ta ẹ̀kọ mi?"

Mo ní bó bá lè ka ìwé, tó yege CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti mú owó ilé ìwé kúrò fún àwọn ọmọbìnrin ní ìpele àkọ́kọ́ CEG, ilé ìwé girama ìjọba, kò ní ná a ní nǹkan. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ẹ̀kọ ti ń tutù, kí n jẹ́ kí òun tètè di ẹrù ọmọ. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀kọ yẹn náà ni gbogbo wọn ń jẹ, òun àti ọmọ tirẹ̀ àti àgbàtọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ọmọ yẹn, ó ní láti wá ìgbà tí ẹ̀kọ kò sí lójú ọ̀nà.

Mo sọ fún bàbá pé ọ̀sán ló yẹ, láàárín ìgbà tí ilé ìwé jáde ní àárọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń wọlé pa dà. Oòrùn mú, ọjà tutù, àwọn ọmọ wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọmọ kò jẹun tán nígbà yẹn, òun náà kò sì ní egungun ọmọdé mọ́ tí yóò máa dúró nídìí pátákó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo ní Sátidé láàárọ̀ ńkọ́? Ó ní òun lè gbìyànjú ìyẹn. Ó kù kí a wo bí yóò ṣe rí bí ọjọ́ ọjà ńlá bá bọ́ sí Sátidé, nítorí ọjọ́ ọjà Ouando kò tẹ̀ lé ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó sì di dandan kó bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí bàbá bá ṣe é, màá gbé máàkì náà dé 17. Èmi náà á mú nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí wọn kò kàwé tán, kí wọ́n máa bá wọn lọ lọ́jọ́ náà. Aránṣọ tí kò lè ka orúkọ oníbàárà sára ìwé ìwọ̀n, a máa gé aṣọ ẹlòmíràn fún ẹlòmíràn.

Ọmọ tiwa ti wà ní Orógbó. Ìṣirò pípín ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, Faransé rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ bó ti ń kà á, kò yá bíi ti ìgbà tó ń há a sórí. Àwọn ará ilé wa rò pé ó ti gbàgbé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ń ka ara páálí oògùn, ó ń ka ara mọ́tò, ó ń ka ìwé ìwọ̀n mi, ó sì ti bi mí léèrè ìdí tí mo fi kọ orúkọ oníbàárà kan ní ọ̀nà méjì. Mo ní kó lọ sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìdí ẹ̀rọ ìlọta ni kí ẹ béèrè, gbogbo ènìyàn ló mọ bàbá níbẹ̀. Ọmọ ni kí ẹ mú lọ, ẹ fi ìwé èsì sílé. Ẹ má lọ ní ọjọ́ ọjà ńlá, ẹ ò ní rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Bí zémìjàn, ọlọ́kadà, bá ní òun ò mọ ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọjà kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, kò jìn. Bí ẹ bá sì ní bẹ́ǹṣì tí ẹ kò lò mọ́, tàbí ìwé kíkà CE1 tí ọmọ yín ti kà kọjá, ẹ gbé e dání.